Òǹtẹ̀, ìràwọ̀ onígọ́ọ̀mù àti agogo ríìmù: èwo ló tó rà fún ilé ìwé abúlé?

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ìwé àti báírò ní àgbègbè Taki, ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ ní ẹ fẹ́ ra ohun tí ẹ máa fi yin ọmọ ilé ìwé. Ẹ ò ní tíì sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n á fi na bébà ìràwọ̀ aláwọ̀ wúrà sí yín. Ó ń dán, kò wúwo, ojú ọmọdé kì í sì í kúrò lára rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí lára àwọn tó ṣíwájú nínú ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níbí, pàápàá fún ilé ìwé kéékèèké tó wà ní àwọn abúlé ọ̀nà Ìkòyí-Ilé àti Ìrẹsà, níbi tí eruku ti ń jókòó sára ògiri, tí páànù ń mú ooru, tí olùkọ́ kan sì lè máa kọ́ kíláàsì méjì pọ̀.

Ilé ìwé tí a fi ṣe òṣùwọ̀n ní ọmọ 60, kíláàsì 6, olùkọ́ 3, táàmù ọ̀sẹ̀ 12. Owó ọjà kì í dúró lójú kan, nítorí náà iye nǹkan tí ẹ máa lò la kà fún yín. Ẹni tó bá dé ọjà á fi iye ọjọ́ náà ṣírò rẹ̀.

Ohun ìwúrí ò ní ju iṣẹ́ kan lọ: kó sọ fún ọmọ, lójú ẹsẹ̀, ohun náà gan-an tó ṣe tó dáa. Yinniyinni kẹ́ni ṣe mìíràn ni àwọn àgbà wí, àmọ́ ẹni tí a yìn gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a torí rẹ̀ yìn ín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mìíràn wo ló fẹ́ ṣe? "Ọmọ dáadáa ni ẹ́" ò tíì sọ nǹkan kan. "O bá ọmọ kíláàsì kìíní gbé korobá omi, ẹnikẹ́ni ò sì rán ọ." Ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ojú yìí la fi wo ọjà kọ̀ọ̀kan.

Ìràwọ̀ onígọ́ọ̀mù ni ká kọ́kọ́ mú. Olùkọ́ tó bá ń yin ọmọ márùn-ún lójúmọ́ nínú kíláàsì kan máa lo ìràwọ̀ 25 lọ́sẹ̀, 300 ní táàmù. Kíláàsì mẹ́fà, 1,800 nìyẹn. Tí bébà kan bá ní ìràwọ̀ 100, bébà 18 lẹ máa rà, ẹ ó sì tún un rà ní táàmù tó ń bọ̀, torí èyí tí ẹ ti lẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó o: bébà mìíràn fẹ̀ lójú, ìràwọ̀ orí rẹ̀ ò sì tó nǹkan.

Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ń fẹ́ ibi tó mọ́ tó sì ń dán. Iwájú orí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti pápá dé ti kún fún òógùn. Ìràwọ̀ á já bọ́ kí olúwarẹ̀ tó dé ìjókòó. Ògiri tí wọ́n fi ẹfun kùn náà ò gbà á: ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lónìí, lọ́la ẹ ó bá a nílẹ̀ tòun ti ẹfun lẹ́yìn. Tí ọyẹ́ bá wá dé ní apá ìparí táàmù kìíní, etí rẹ̀ á máa ká sókè, eruku á wọ abẹ́ rẹ̀, ó tán. Ẹ̀yìn ìwé tó ń dán nìkan ló ti ń pẹ́ díẹ̀.

Ká tiẹ̀ ní ó lẹ̀ dáadáa, àwọn ọmọ á dọ́gbọ́n sí i. Ìràwọ̀ ṣeé ṣí lára ìwé ẹlòmíì, ó sì ṣeé fi gba ẹ̀pà lásìkò ìsinmi. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí ọjọ́. Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń fún lówó ẹ̀pà lè ti ní ìràwọ̀ ju ẹni tó ń gbálẹ̀ kíláàsì lọ. Ẹ ra bébà méjì fún àwọn jẹ́lé-ó-sinmi, kí ẹ fi ìyókù owó yẹn ṣe òǹtẹ̀.

Òǹtẹ̀ ni tiwa. Oríṣi méjì ló wà nígboro: èyí tó ní ìdìmú igi tàbí ike, tí a máa ń tẹ̀ mọ́ páàdì tàdáwà kí a tó lù ú mọ́ ìwé, àti èyí tí páàdì rẹ̀ wà nínú, tí orí rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀ tí a bá ti tẹ̀ ẹ́. Èkejì yá lọ́wọ́, ó sì mọ́, àmọ́ tí sípíríǹgì rẹ̀ bá kú lábúlé, ó di ike lásán. Onídìmú ò ní ohun tó lè kú. Páàdì kan ṣoṣo sì lè sin òǹtẹ̀ mẹ́ta, tí àwọn olùkọ́ bá jókòó súnmọ́ra. Tí kíláàsì bá jìnnà síra, ẹ ra páàdì mẹ́ta. Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe ni pé kí ẹ ra òǹtẹ̀ ẹyọ kan kí ẹ tì í mọ́ dúrọ́ọ̀ ọ̀gá àgbà. Kí ọmọ tó dé ọ́fíìsì kí wọ́n tó wá kọ́kọ́rọ́, ohun tó ṣe lówùúrọ̀ ti kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe òǹtẹ̀ máa ń to ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí ike tó mọ́ gaara, wọ́n á wá fi iná tó ní agbára bíi ti oòrùn mú kí oje rẹ̀ le níbi tí lẹ́tà wà. Èyí tí kò le, wọ́n á fọ̀ ọ́ dànù, wọ́n á sì lẹ ìyókù mọ́ ìdìmú. Àwọn mìíràn ń fi ẹ̀rọ lésà gbẹ́ rọ́bà. Ọ̀nà méjèèjì dáa. Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ ni lẹ́tà wẹ́wẹ́, èdè tiwa ló sì ń kó ìyà rẹ̀ jẹ jù nítorí àmì. Ẹ ní kí wọ́n kọ "Ẹ KÚ IṢẸ́" sójú òǹtẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ ò ju mílímítà 20 lọ: lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tàdáwà á dí abẹ́ Ẹ àti Ṣ, àmì òkè á parẹ́, òbí tó bá ń kánjú kà á á sì rí ìṣẹ́ níbi tí ẹ ti kọ iṣẹ́. Ta ló fẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ òṣì mọ́ ìwé ọmọ òun?

Ẹ yan ọ̀rọ̀ tí àmì rẹ̀ ò pọ̀. "O KÁRE" ni ọba wọn: àmì ohùn kan, kò sí tìsàlẹ̀ rárá. Tó bá di dandan kí àmì ìsàlẹ̀ wà, ẹ ní kí wọ́n fa ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán dípò kí wọ́n to ẹyọ tó rí róbótó; ìlà máa ń hàn níbi tí róbótó ti ń di àbààwọ́n. Èyí tó tún dáa ju ọ̀rọ̀ lọ fún kíláàsì kìíní àti kejì, tí wọn ò tíì mọ̀ ọ́n kà dáadáa, ni àwòrán. Òǹtẹ̀ mẹ́ta: agogo fún ẹni tó dé kí wọ́n tó lu agogo àárọ̀, korobá fún ẹni tó ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, ìwé fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹ má ju mẹ́ta lọ. Ilé ìwé tó bá kó ìwà mẹ́wàá lérí ògiri ò ní rí olùkọ́ tó máa rántí mẹ́rin nínú wọn.

Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá léraléra níwájú ẹni tó ṣe é, kí ẹ sì wo ìkẹwàá. Tí ìlà etí rọ́bà bá ń hàn yí àwòrán ká, wọn ò gé e dé ibi tó yẹ. Bíléèdì ló máa yanjú ìyẹn lójú ẹsẹ̀. Tí àárín bá ń ṣú tí apá kan sì ń ṣá, wọn ò lẹ̀ ẹ́ kó tẹ́jú. Ẹ má gbé ìyẹn lọ sílé, torí pé ọwọ́ líle ò ní í tún un ṣe.

Inú káàdì lẹ máa lù ú sí. Páálí A4 kan ń di káàdì A6 mẹ́rin, nítorí náà páálí 15 á di káàdì 60 géérégé. Ẹ ra 18. Ọmọ máa sọ òmíràn nù, òjò máa pa òmíràn. Ẹ fa àpótí 20 sójú káàdì kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin ní ìbú, márùn-ún ní òòró: àpótí kan á fẹ̀ tó mílímítà 26, òǹtẹ̀ mílímítà 20 á wọ ibẹ̀ láìkanra. Tí kíláàsì ọlọ́mọ mẹ́wàá bá ń gba òǹtẹ̀ 25 lọ́sẹ̀, ọmọ kan á máa rí bíi méjì ààbọ̀, tí ó túmọ̀ sí pé káàdì á kún ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ti pọ̀ jù fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Lójú tirẹ̀, ọdún kan nìyẹn. Ẹ fi báírò pupa fàlà sábẹ́ àpótí karùn-ún àti ìkẹwàá, kí nǹkan kékeré kan máa ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ kó káàdì lọ láminéètì kó má baà ya. Tàdáwà páàdì ò ní ibi tó máa wọ̀ sí lójú ọ̀rá, nítorí náà kì í gbẹ. Ìka kan ló máa pa á rẹ́. Páálí tó ń dán yinrinyinrin náà rí bẹ́ẹ̀. Páálí lásán tó le díẹ̀, tí kò dán, ni kí ẹ béèrè. Ẹ kọ ọjọ́ àti lẹ́tà orúkọ olùkọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí iṣẹ́ àṣejù, àmọ́ ọmọ ilé ìwé mọ̀ pé tí òun bá fi ìka tó tutù tẹ òǹtẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, òun lè gbé e lọ sórí káàdì tòun. Èyí tí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀ máa ń ṣá, ó sì máa ń kọjú sódì.

Ní ti páàdì: ẹ dé e pa lẹ́yìn lílò, kí ẹ sì fi ojú rẹ̀ dojú kọlẹ̀ lálẹ́ kí tàdáwà lè padà wá sókè. Tó bá gbẹ lásìkò ọyẹ́, tàdáwà òǹtẹ̀ gan-an ni kí ẹ kán sí i, díẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi á jẹ́ kó máa tàn káàkiri. Kẹrosínì ló burú jù. Ó máa ń wú rọ́bà, lẹ́tà á sanra, kò sì ní í padà sí bó ṣe wà. Ẹ má kó káàdì sójú fèrèsé, oòrùn ń ṣá tàdáwà aláwọ̀ àlùkò. Páálí ìndómì kan tó nídèérí tó fún gbogbo kíláàsì.

Àtẹ ńlá tí wọ́n máa ń to orúkọ gbogbo ọmọ sí lára ògiri, tí wọ́n fi ń ka ẹni tó ní jù, ni kí ẹ fi sílẹ̀ sọ́jà. Ẹ wo àtẹ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin: orúkọ mẹ́ta ti lọ jìnnà, orúkọ méjì ò ní nǹkan kan, àwọn méjì yẹn kan náà ni àtẹ náà torí wọn wà. Ọmọ tó ti rí i pé òun ò lè bá wọn mọ́ á yáa kúkú máa fi ariwo gba orúkọ tirẹ̀. Ohun mìíràn tún ni pé ẹ̀kọ tàbí lẹ́ẹ̀ gààrí tí wọ́n fi máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, oúnjẹ aáyán ni.

Dípò rẹ̀, ẹ ra ọmọ ayò. Ọpọ́n ayò ní ihò 12, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 48. Ẹ wá ike omi tó mọ́ gaara, ẹ gé ọrùn rẹ̀, ẹ fi sẹ́lótéèpù yí etí ibi tí ẹ gé ká torí ó ń gé ìka. Nígbà tí gbogbo kíláàsì bá ṣe ohun tí a jọ sọ, bíi kí wọ́n to láìtì ara wọn lọ sí ìdí omi, olùkọ́ á ju ọmọ ayò kan sínú ike. Ó máa ń dún, ìró yẹn gan-an sì wà lára ẹ̀bùn náà. Márùn-ún lójúmọ́, ike á gba 48 tán ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdí tí a fi ní kó jẹ́ ọmọ ayò ni pé ó níye. Òkúta àti èkùrọ́ wà nílẹ̀ káàkiri, ọmọ tó bá fẹ́ ran ike lọ́wọ́ lálẹ́ kò ní jìnnà kó tó rí i kó. Ẹni tó bá ka 50 nínú ayò ti mọ̀ pé ọwọ́ kan ti wọ ibẹ̀. Kóró kajú tútù, tó pọ̀ lágbègbè wa lásìkò rẹ̀, ẹ má dán an wò rárá: epo inú èèpo rẹ̀ ń jó ara.

Ẹ má yọ ọmọ ayò kúrò nítorí ẹ̀ṣẹ̀. Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ lè wà lọ́tọ̀, àmọ́ oore àná ti wọlé, ó ti wọlé náà nìyẹn. Tí ẹ bá sì fẹ́ kí ìdíje wà, ẹ pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ méjì, kí ẹ sì fi iye kan lélẹ̀ tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ tó bá ti dé ibẹ̀ ti borí. Méjèèjì lè jọ borí. Ètò tó jọ èyí ni àwọn olùwádìí Barrish, Saunders àti Wolf gbé jáde lọ́dún 1969 ní Kansas, ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú kíláàsì kẹrin kan tó ń pariwo jù. Tiwọn ń ka àṣìṣe, èyí ń ka oore, àmọ́ ibi pé kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni pàdánù ló gbé e ró. Lára ẹ̀bùn wọn ni kí ẹgbẹ́ tó borí ní àkókò ìsinmi, kí wọ́n sì ṣáájú lọ jẹun.

Ìwé ẹ̀rí nìkan ni a máa torí ẹ̀ ní kí ẹ kọjá sí Under G, lẹ́bàá LAUTECH. Àwọn tó ń tẹ̀wé fún akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ níbẹ̀, ìdíje wọn sì ń ṣe oníbàárà láǹfààní. Ẹ ní kí wọ́n tẹ méjì sójú A4 kan lórí páálí tó wúwo tó gíráàmù 210 sókè, kí wọ́n sì fi àyè orúkọ àti àyè ohun tí ọmọ ṣe sílẹ̀ lófìfo. Tí ẹ bá ní kí wọ́n bá yín tẹ orúkọ, àmì lórí orúkọ mìíràn á sọnù, òmíràn á gba lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ ó sì tún san owó àtúntẹ̀. Ọwọ́ olùkọ́ tó kọ̀wé dáadáa dára jù ú lọ. "Ìwà Rere Jùlọ" tí wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sókè, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló lè gba "jùlọ".

Ìkìlọ̀ kan wà níbí tí àwọn tó ń ta ìwé ẹ̀rí ò ní sọ fún yín. Lọ́dún 1973, àwọn olùwádìí Lepper, Greene àti Nisbett gbé ìwádìí kan jáde láti Stanford, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tí wọ́n fẹ́ràn àtimáa fi máákà yàwòrán ni wọ́n lò. Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀rí oníràwọ̀ wúrà fún àwọn kan tí wọ́n bá yàwòrán. Nígbà tó ṣe, àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún ò wá fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan máákà náà mọ́ tí wọ́n bá fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n kàn fún láìsọ tẹ́lẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ọmọ ti fẹ́ràn láti ṣe, bíi ìlù lílù tàbí bọ́ọ̀lù, ẹ má fi ìwé ẹ̀rí fà á. Ohun tó ṣòro fún un ni kí ẹ fi í gbé lárugẹ, kó sì bá a lójijì.

Súìtì àti bisikíìtì ò gba àlàyé púpọ̀: wọ́n tán kí agogo tó lù, ọ̀rá wọn á sì wà nínú ọgbà fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé 40 leaves dára, dọ́sìnnì márùn-ún sì jẹ́ 60 géérégé, ẹyọ kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí káàdì rẹ̀ bá kún.

Bọ́ọ̀lù ni kí ẹ náwó lé. Náḿbà 4 ni ti ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Náḿbà 5 tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù máa kọ́kọ́ gbé wá, ti àgbà ni, ó wúwo fún ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ẹ mú èyí tí wọ́n rán, tí tíúbù rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, torí ẹ̀gún inú pápá abúlé ò mọ olówó. Ẹ ra abẹ́rẹ́ pọ́ńpù mẹ́ta, kí ẹ fi itọ́ tàbí òróró díẹ̀ pa á kí ẹ tó kì í bọ ihò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ gbígbẹ ló ń ya ẹnu bọ́ọ̀lù ju ẹ̀gún lọ, ẹ ó sì rò pé bọ́ọ̀lù tí wọ́n tà fún yín ni kò dáa.

Ohun tí àwọn ọmọ ń dù jù, kò sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan: agogo lílù. Ríìmù mọ́tò tó wà lórí igi máńgòrò tó ọ̀pọ̀ ilé ìwé. Ẹ fi orúkọ sórí páálí kékeré, ẹni tó bá dé àpótí karùn-ún lórí káàdì rẹ̀ á lu agogo fún ọjọ́ méjì: àárọ̀, ìsinmi, ìpadàwọlé, ilé. Olùkọ́ ni kó mú aago dání, ọmọ ni kó lù ú, torí àwọn kan wà tí agogo ilé máa ń yá lọ́wọ́ wọn. Kí ẹ sì so irin tí wọ́n fi ń lù ú mọ́ ìdí igi pẹ̀lú ṣéènì tí kò gùn. Tí máńgòrò bá ti ń pọ́n, irin tí wọn ò so ò ní pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn.